PCV àwọn asáré wa ń já bọ́: ṣé òógùn ló ń gbé irin inú ẹ̀jẹ̀ lọ?

Kóòṣì_Ágíríkì · Ọjọ́ Ajé, 6:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn asáré wa ní Ìkòròdú ni mo gbé wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń múra fún eré 10 km: ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí títì ọlọ́dà láti Ágíríkì sí ìhà Sábó, lọ àti bọ̀. Ẹ mọ bí ọ̀dà ṣe máa ń gbóná lásìkò yẹn. Wọ́n yẹ PCV wọn wò (ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ti ọkùnrin mẹ́ta ò lọ jìnnà: 44 di 41, 43 di 41, 42 di 40. Obìnrin ọlọ́dún 24 bọ́ láti 38 sí 35. Obìnrin ọlọ́dún 31 bọ́ láti 36 sí 30. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti ọkùnrin ọlọ́dún 46: 41 di 33.

Ṣé òógùn ló ń gbé irin lọ lára wọn? Kí gbogbo wọn máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, àbí kí eré dúró ná?

Ìyá_Ìjẹ̀dé · 6:40 ìrọ̀lẹ́

Kóòṣì, òógùn ni o, kí lẹ tún ń wá? Ẹ tọ́ ọ wò, iyọ̀ lẹ máa gbọ́ lẹ́nu. Bí iyọ̀ ṣe ń jáde náà ni irin ń jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ewé ugu, kí wọ́n da móòtì kan àti mílíìkì alágolo kan sí i, láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ẹ̀jẹ̀ á fi kún.

Bàbá_Láàbù · 7:25 alẹ́

Ìyá wa, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan tiẹ̀ sọnù lára àwọn èèyàn yìí. PCV kì í ka irin. Ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá dín, PCV á bọ́. Bí omi ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ sí i láìjẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kankan kúrò, PCV á bọ́ náà. Ẹ bu omi lu ọbẹ̀: ata inú rẹ̀ ò dín, àmọ́ á ṣàn.

Ẹni tó bá ń sáré nínú ooru, láàárín ọjọ́ márùn-ún sí ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi kún ẹ̀jẹ̀. Ìdí ni pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára tí iṣan ń lò ló ń di ooru, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé ooru náà wá sí awọ kí òógùn lè tù ú. Iṣan ń bèèrè ẹ̀jẹ̀, awọ náà ń bèèrè, ọkàn kan ṣoṣo ló sì ń pín in. Àfi kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti obìnrin ọlọ́dún 24 yẹn. Ká ní lítà 4.5 ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. PCV 38 túmọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì pupa lítà 1.71 àti omi lítà 2.79. Bí omi bá fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ó di 3.21, àpapọ̀ sì di 4.92. Ẹ fi 4.92 pín 1.71, ẹ ó rí 34.8. Ìyẹn ni 35 tí wọ́n kà fún un, kò sì pàdánù ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan. Ti ọkùnrin mẹ́ta yẹn náà bá èyí mu. Ṣùgbọ́n kí 36 tó di 30, omi gbọ́dọ̀ fi bí ìdá 31 lé. Kí 41 tó di 33, ó gbọ́dọ̀ lé ní 40. Eré ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kì í fi omi tó bẹ́ẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀. Àwọn méjì yẹn la ó wádìí.

Ẹ tún bèèrè bí wọ́n ṣe gba ẹ̀jẹ̀ náà. Rọ́bà tí wọ́n so mọ́ apá ju ìṣẹ́jú kan lọ máa ń gbé PCV ga. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tí kò tíì mu omi, tiẹ̀ á ga. Ẹni tó dùbúlẹ̀, tiẹ̀ á wálẹ̀ ju ti ẹni tó jókòó. Bí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sínú ìgò EDTA, èyí tó ní kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ò bá dé ìlà tó wà lára ìgò, kẹ́míkà inú rẹ̀ á mú kí sẹ́ẹ̀lì súnkì, PCV á wálẹ̀. Bí wọn ò bá dí ìdí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ka PCV dáadáa, sẹ́ẹ̀lì á jò dànù nígbà tí ẹ̀rọ bá ń yí i, PCV á tún wálẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹyọ kan sí méjì láàárín láàbù méjì, ẹ má fi da ara yín láàmú.

Fún àwọn méjì yẹn, ẹ bèèrè FBC (àyẹ̀wò gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀) àti ferritin. Lórí FBC, ẹ wo MCV, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe tóbi tó: bí ó bá wà nísàlẹ̀ 80, sẹ́ẹ̀lì ń kéré, irin ni à ń kọ́kọ́ fura sí. Ferritin ló ń sọ irin tó wà ní ìpamọ́. Bó bá lọ sísàlẹ̀ 15 µg/L fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, ìpamọ́ ti gbẹ nìyẹn.

Asáré_Ìgbógbò · 8:03 alẹ́

Bàbá, mo fara mọ́ ti omi, ṣùgbọ́n ẹ má fi bo ti eré mọ́lẹ̀. Títì ọlọ́dà fúnra rẹ̀ ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ibi tí gìgísẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń kọjá nínú àtẹ́lẹsẹ̀ ń fọ́. Láti 1881 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa sójà kan ní Jámánì tí ìtọ̀ rẹ̀ pupa lẹ́yìn ìrìn jíjìn. Bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ti pẹlẹbẹ ń mú un burú sí i, àti kéèyàn máa fi gìgísẹ̀ já lulẹ̀ gìrì gìrì. Ẹ kó wọn lọ sórí pápá tàbí ọ̀nà eléruku lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́rin yẹn.

Èkejì, ìfun. Nígbà eré líle nínú ooru, ẹ̀jẹ̀ ń sá kúrò nínú ìfun lọ sí iṣan àti awọ, ara ìfun a sì máa bó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ a máa bá ìgbẹ́ jáde láìjẹ́ pé ojú rí i. Àwọn tó ń gbé ibuprofen mì kí wọ́n tó sáré nítorí orúnkún ló ń fi ọwọ́ ara wọn dá kún un.

Ní ti òógùn, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìjẹ̀dé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Mo rí i kà pé lítà òógùn kan lè gbé irin 1 mg. Ẹni tó bá làágùn lítà méjì, 2 mg ti lọ nìyẹn, irin tí ìfun ń gbà lóòjọ́ ò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀pẹ́ · 8:47 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìgbógbò, iye yẹn ti ga jù. Àwọn tó kọ́kọ́ wọn irin inú òógùn wọn awọ tó ti kú àti eruku pọ̀ mọ́ ọn. Òógùn tó kọ́kọ́ jáde ló ń gbé ìdọ̀tí yẹn. Bí wọ́n bá fọ ara mọ́ tí wọ́n sì wọn èyí tó tẹ̀ lé e, irin inú rẹ̀ máa ń wá sí nǹkan bí 0.1 sí 0.3 mg ní lítà kan. Eré wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú oòrùn Ìkòròdú, ká ní lítà méjì, irin tó lọ ò ju 0.2 sí 0.6 mg. Ó ní iye, ṣùgbọ́n kò lè sọ 36 di 30 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nǹkan mìíràn. Mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan ní irin 0.5 mg. Nǹkan oṣù tí kò pọ̀, 30 sí 40 ml, ń gbé 15 sí 20 mg lọ. Èyí tó bá lé ní 80 ml ń gbé 40 mg. Ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ 450 ml ta ẹlòmíràn lọ́rẹ fi irin tó lé ní 200 mg sílẹ̀. Nítorí náà, Kóòṣì, ẹ jẹ́ kí obìnrin kan bá mi bèèrè lọ́wọ́ ẹni ọdún 31 yẹn: ṣé páàdì kan ń kún láàárín wákàtí kan tàbí méjì? Ṣé ẹ̀jẹ̀ dídì ń jáde? Ṣé ó ń ju ọjọ́ méje lọ? Ṣé ó ń wù ú láti máa rún áìsì tàbí kó máa jẹ amọ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, àwọn èèyàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ àmì àìtó irin tó dájú dáadáa ni.

Ọkùnrin ọlọ́dún 46, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ eré sí i. Ọkùnrin kì í ṣe nǹkan oṣù. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àfi ká fura pé ibì kan ń jò: ọgbẹ́ inú, jẹ̀dí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí nǹkan mìíràn nínú ìfun tí dókítà gbọ́dọ̀ rí. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la. Kó dá eré dúró kó sì lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun méjì ló tún kù tí à ń gbàgbé níhìn-ín. Aràn tó ń ti àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tútù máa ń fa ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun lójoojúmọ́. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ lásán wọ oko tàbí etí omi, ẹ yẹ ìgbẹ́ wọn wò. Oògùn aràn, albendazole 400 mg lẹ́ẹ̀kan, ni wọ́n sábà máa ń fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n aláboyún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ò gbọ́dọ̀ lò ó. Èkejì ni ibà. Ó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì, ó sì tún ń gbé ferritin ga lọ́nà ẹ̀tàn. Ẹni tí ibà tàbí egbò wà lára rẹ̀, kódà bí ferritin rẹ̀ bá jẹ́ 50, irin lè má tó o. Nísàlẹ̀ 70 la ti ń fura sí i.

Apòògùn_Sábó · 9:36 alẹ́

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ irin tó ń jáde. Ó ku èyí tí kò rí ọ̀nà wọlé, òun gan-an ni eré ń dá dúró jù.

Ẹ̀dọ̀ ń ṣe hòmóònù kan tó ń jẹ́ hepcidin. Aṣọ́bodè ni: bó bá pọ̀, irin tó ti dé ara ìfun ò ní lè kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí iṣan bá ṣiṣẹ́ títí tó gbóná, ó ń tú èròjà kan, IL-6, sínú ẹ̀jẹ̀, èyí kan náà tí ara ń tú nígbà ibà. Ẹ̀dọ̀ ò mọ̀ pé eré ni ẹ ń sá. Lójú tiẹ̀, kòkòrò àrùn ló wọlé, kòkòrò sì ń jẹ irin, ó bá yára ti ìbodè. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn eré ni hepcidin ń ga jù.

Ẹ wá wo àkókò tí àwọn èèyàn Kóòṣì ń sáré. Wọ́n parí ní nǹkan bí aago mẹ́fà. Wọ́n délé, wọ́n wẹ̀, wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n sì gbé oògùn irin mì kí wọ́n tó sùn. Wákàtí tí ìbodè tì jù gan-an nìyẹn! Irin náà á há sára ìfun, ara ìfun yẹn á bó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó di ìgbẹ́.

Ooru ń dá kún un lọ́nà ẹ̀bùrú. Eré kan náà, ìyára kan náà, ọkàn máa ń sáré ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ju ìdájí lọ, iṣẹ́ náà sì ń le sí i lára. Bí iṣẹ́ bá ṣe le tó ni IL-6 ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni tó ń sáré lórí ebi, tàbí tó sá fún iṣu àti ẹ̀bà nítorí kó lè rù, tiẹ̀ tún ń ga sí i, torí agbára tó wà nípamọ́ nínú iṣan ti tán.

Nípa oògùn, ẹ má wo iye ńlá tí wọ́n kọ síwájú páálí, ẹ wo irin gidi inú rẹ̀. Ferrous sulphate 200 mg ní nǹkan bí 65 mg. Ferrous fumarate 200 mg náà ní 65. Ferrous gluconate 300 mg ní 35. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi inú ìgò, púpọ̀ nínú wọn ń lo ferric ammonium citrate, bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ irin, ìfun ò sì tètè gbà á bíi ti ferrous.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé irin ò tó, hóró kan ní ọjọ́ kan, kí ọjọ́ kejì sinmi. Irin 60 mg sókè fúnra rẹ̀ ń gbé hepcidin ga fún nǹkan bí wákàtí 24, nítorí náà hóró méjì lóòjọ́ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìgbẹ́ gbígbẹ àti inú rírun ló ń fà. Kí wọ́n lò ó láàárọ̀ pẹ̀lú omi ọsàn, kí oúnjẹ tó wọlé. Bí eré bá wà ní àárọ̀ yẹn, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn eré, kí ìbodè tó tì. Tíì, kòkó, mílíìkì àti oògùn inú gbígbóná gbọ́dọ̀ fi wákàtí méjì jìnnà sí i. Bákan náà ni ciprofloxacin àti doxycycline, àwọn oògùn apakòkòrò. Ìgbẹ́ á dúdú, ìyẹn ò burú bí kò bá lẹ̀ tàbí rùn bí èyí tí nọ́ọ̀sì wa sọ. Kí PCV padà sípò kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n dá oògùn dúró: oṣù mẹ́ta ló tún kù kí ìpamọ́ tó kún.

Ẹ fi pamọ́ fún ọmọdé. Hóró mẹ́wàá ferrous sulphate lè pa ọmọ tó wọn kílò mẹ́wàá.

Ìyá_Ìjẹ̀dé · 9:50 alẹ́

Mílíìkì ń dí irin lọ́wọ́ ni ẹ wí? Ugu, móòtì àti mílíìkì tí gbogbo ayé ń mu yìí ńkọ́?

Alásè_Ebúté · 10:15 alẹ́

Mà, ẹ yọ mílíìkì kúrò níbẹ̀, ẹ fún ọsàn sí i. Móòtì ò ní nǹkan gidi nínú irin, ṣúgà ni, kò sì burú fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré. Ugu dára, àmọ́ irin inú ewé kì í wọlé bíi ti ẹran: ti ẹran àti ẹja, ìfun lè gba ìdá 15 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ewé àti ẹ̀wà, 2 sí 20, ohun tó bá wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú abọ́ ló ń pinnu. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ pẹ̀lú ẹja yíyan àti ìgbín ń wọlé ju ẹ̀fọ́ lásán lọ, torí ẹran ń fa irin ewé wọlé. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ẹja àti edé sè dáadáa náà ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ̀dọ̀ màálù ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Aláboyún kó dín in kù nítorí fítámì A.

Ẹ̀wà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kẹ́ ẹ da omi rẹ̀ nù. Ohun tó ń di irin mú nínú rẹ̀ á dín. Ògì tó kan dáadáa sàn ju èyí tí wọ́n kàn lọ̀ tí wọ́n sè. Ọsàn tàbí gúáfà ni kí wọ́n fi tẹ̀ lé oúnjẹ. Zobo àti tíì, ẹ jẹ́ kí wákàtí kan sí méjì kọjá. Ata inú ọbẹ̀ ní fítámì C nígbà tó wà ní tútù, iná ló ń pa á.

Ọbẹ̀ ata tí a sè nínú ìkòkò irin tún ń fa irin gidi sínú oúnjẹ, torí tòmátì kan.

Ìyá_Ìjẹ̀dé · 10:31 alẹ́

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú agbada tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, alumíníọ́mù ni, kì í ṣe irin. Ẹ mú màgínẹ́ẹ̀tì ara sípíkà tó ti bàjẹ́ dání lọ. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ gbé e sílẹ̀ fún oní-nǹkan.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀pẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Mo gbàgbé jẹ́nótáìpù, ó sì ṣe pàtàkì ju agbada lọ. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ lo oògùn irin láìsí àyẹ̀wò: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fà sí i lára láti ẹ̀yìn wá lè ti kó irin tó pọ̀ jù sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AS lè sáré, ṣùgbọ́n eré àsápajúdé nínú ooru láìmu omi lè mú kó ṣubú lulẹ̀, ó sì ti pa àwọn sójà àti eléré ìdárayá rí. Kí wọ́n máa fi ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá mú kí ooru mọ́ wọn lára díẹ̀díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú wọn parí eré.

Ẹ̀gbọ́n Ìgbógbò dárúkọ ìtọ̀ pupa. Bó bá pupa lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn eré, tó sì mọ́ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, kí ẹni náà sinmi, kó sì ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀. Bó bá dúdú bí kóòkì, tí iṣan sì ń ro gógó tàbí tó le gbagidi, iṣan ló ń bàjẹ́, kíndìnrín wà nínú ewu, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá àyẹ̀wò ìtọ̀ ò lè ya ti ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ti iṣan, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan.

Kóòṣì_Ágíríkì · 7:20 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Ohun tí mo mú níbẹ̀: àwọn mẹ́rin á máa bá eré lọ láìsí oògùn. Bàbá ọlọ́dún 46 á lọ rí dókítà lọ́la. Obìnrin ọlọ́dún 31 á ṣe FBC, ferritin àti ibà, á sì dín eré kù sí ìrìn títí èsì á fi dé. A ó kó eré sí aago mẹ́fà kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àárọ̀, méjì lórí pápá. Ọjọ́ wo ló dára kí obìnrin yẹn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà? Ọjọ́ Ẹtì ló rọrùn fún un.

Asáré_Ìgbógbò · 7:34 àárọ̀

Ó ṣì máa ń ṣú díẹ̀ lásìkò yẹn nígbà ọyẹ́. Aṣọ tó ń tàn fún gbogbo wọn o, kí wọ́n sì dojú kọ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Lórí òógùn, mo ti gbà fún nọ́ọ̀sì wa.

Bàbá_Láàbù · 8:10 àárọ̀

Ọjọ́ Ẹtì dára, bí kò bá sáré ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Eré líle máa ń gbé ferritin ga fún ọjọ́ kan sí méjì, á wá dà bí ẹni pé irin tó. Kó mu omi dáadáa lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kó dé láàbù láàárọ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, kó jókòó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó so rọ́bà. Bó bá ti ń lo oògùn irin tẹ́lẹ̀, kó má lò ó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kó sọ fún wọn kí wọ́n kọ sára fọ́ọ̀mù ọjọ́ tó sáré kẹ́yìn, ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ibà ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Láàbù kan náà ni kó padà sí nígbà àyẹ̀wò kejì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.